Ọjọ́ Tí Jẹ́dà Pè Sórí Fóònù Mùíz

Bí irọ́ ẹyọ kan bá wà nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, kí ẹnu mi yí sí ìpàkọ́, kí n máa fi ẹ̀yìn orí jẹ ẹ̀bà. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ẹni tí ò bá gbà á gbọ́, kó lọ sí Pápá Àjàó, kó béèrè ilé Alhaji Múrítàlá, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí wọ́n kùn ní búlúù. Búlúù ẹ̀ pọ̀ débi pé ẹyẹ ń ṣì í mú fún sánmà, wọ́n ń forí sọ ọ́.

Lásìkò tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Èkó, tí wọ́n ń pè é ní 090, ta ló ń gbé e? Ọ̀gá sójà, ọ̀gá báńkì, àwọn tí owó ń rùn lára wọn bíi lọ́fínńdà. Ṣùgbọ́n nínú ilé búlúù yìí, ọmọ ọdún mẹ́wàá kan ní tiẹ̀. Mùíz lorúkọ ẹ̀, ọmọ kan ṣoṣo tí Alhaji bí. Fóònù náà tóbi ju bàtà sójà lọ. Tí Mùíz bá fa irin orí ẹ̀ yọ, ẹni tó wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì á yáa yẹjú kó má gún un.

Alhaji ń ta sípéè páàtì. Gbogbo ẹni tó bá wá ra bíárìn lọ́wọ́ ẹ̀ ló ń gbọ́ ọ: "Kí n lè mọ ibi tọ́mọ mi wà ni mo ṣe rà á fún un o. Ẹ dárúkọ ọmọ míì tó ní in ní Mushin."

Kò sẹ́ni tó lè dárúkọ. Ibi tọ́mọ ọ̀hún wà náà ò ju ẹnu géètì sí ìdí kànga lọ.

Jemilat ń gbé nínú yàrá kan ní ìsàlẹ̀ ilé yẹn, òun àti Àǹtí Sàúdátù, àbúrò ìyá ẹ̀. Ìyá ẹ̀ gan-an, Lateefah, ti lọ sí Jẹ́dà lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ó ń bá àwọn Lárúbáwá tọ́jú ilé. Tẹ́lẹ̀, ó máa ń pe fóònù pálọ̀ Alhaji. Ṣùgbọ́n òjò kan rọ̀, wáyà já, ẹni tó yẹ kó wá tún un ṣe ò wá, wọ́n sì ti jẹ ẹran Iléyá lẹ́yìn ìgbà yẹn, òmíì tún ti ń kanlẹ̀kùn.

Ọmọ ọdún méjìlá ni Jemilat. Ohun tó ń bà á lẹ́rù kọjá ebi. Ó ti ń gbàgbé ohùn ìyá ẹ̀. Ojú ìyá ẹ̀ wà nínú fọ́tò lórí ògiri, ó ń rí i lójoojúmọ́, àmọ́ fọ́tò ò lóhùn. Ó rántí pé Jẹmí nìyá òun máa ń pe òun. Ó mọ ọ̀rọ̀ náà. Bó ṣe máa ń dún lẹ́nu ìyá ẹ̀ ni ò mọ̀ mọ́. Tó bá ń fọ abọ́, á máa pe ara ẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, "Jẹmí. Jẹ-mí. Jẹmíì," bí ẹni tó ń wọ bàtà tí ò bá a mu wò.

Ìgbà tẹ́nìkan wá ti Mẹ́kà dé, ó ní Lateefah ní kóun sọ fún wọn: òun á pè lọ́jọ́ Jímọ̀, tí wọ́n bá kírun tán, sórí nọ́ńbà fóònù Mùíz. Alhaji ló kúkú fún ẹni náà ní nọ́ńbà nígbà tó ń lọ. Kò burú, Alhaji ṣe é re. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ta ni fóònù wà?

Láti àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ yẹn ni Jemilat ti wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó wọ aṣọ Iléyá èṣí, aṣọ tó ti fò sókè orúnkún. Ohun tó fẹ́ bi ìyá ẹ̀ ò gùn: "Ìgbà wo lẹ ń bọ̀?" Ó ti kó o sẹ́nu bíi súìtì.

Kò sí iná. Wọ́n ti mú un lọ látìjẹta. Bátìrì fóònù náà, Mùíz fúnra ẹ̀ ló ń ṣàlàyé ẹ̀ fáwọn ọmọ àdúgbò tó tò síwájú ẹ̀ bí ẹni fẹ́ gba kẹrosíìnì: "Ṣẹ́ ẹ rí ìlà mẹ́ta yìí? Tó bá ti tán pẹ́nrẹ́n, ó parí nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ bó ṣe ń dún, gúgúrù ẹ̀kún ọwọ́ kan."

Ọmọ kan á mú gúgúrù wá, Mùíz á tẹ̀ ẹ́, fóònù á ké "píìì," ọmọ náà á pariwo bí ẹni tó rí ọ̀gá sójà tí ń jó. Òmíì á tún wá. Wọ́n pọ̀ débi pé adìyẹ ò rọ́nà gbà kọjá, ó tò sórí ìlà pẹ̀lú wọn.

Jemilat sún mọ́ ọn. "Mùíz, jọ̀ọ́, má tẹ̀ ẹ́ mọ́. Bátìrì á tán, ìyá mi sì ń pè lónìí."

"Fóònù ta ni?"

"Tìẹ ni."

"Ta ni mí?"

"Mùíz."

"Mùíz lásán? Báyẹn lo ṣe ń pe ẹni tó ní fóònù?"

"Ẹ̀gbọ́n Mùíz."

Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. "O ò tíì kúnlẹ̀," ni Mùíz wí, ó sì da gúgúrù sẹ́nu.

Ọmọ ọdún méjìlá wá kúnlẹ̀ fọ́mọ ọdún mẹ́wàá, nínú iyanrìn, nínú aṣọ Iléyá. Àǹtí Sàúdátù wà ní fàráńdà níbi tó ti ń dirun fún Ìyá Abọ́dúndé, obìnrin tó ń gbé yàrá kejì sí tiwọn. Ó rí i. Ó kàn fa irun tó wà lọ́wọ́ ẹ̀.

"Yéè! Sàúdátù, orí mi kọ́ ló ṣẹ̀ ẹ́ o!"

"Ẹ má bínú, mà. Ọwọ́ ló yọ̀."

"Ọwọ́ ò yọ̀, inú ló ń bí ẹ. Èmi náà rí i." Ìyá Abọ́dúndé di orí ara ẹ̀ mú. "Ọmọ tó ju ọmọ lọ ń kúnlẹ̀ fún un. Ayé Èkó! Wọ́n gbé nǹkan tí bàbá mi ò rí rí fọ́mọ tí ò tíì mọ imú fọn."

"Ẹ rọra, bàbá ẹ̀ lonílé."

"Mo sọ̀rọ̀ sókè ni?"

Bàbá Akínọlá, ará Iléṣà, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè, ló gbé àga ẹ̀ jáde nígbà yẹn. Òun ló dàgbà jù nínú ilé. Ó ti gbọ́ pé wọ́n máa bá Jẹ́dà sọ̀rọ̀, ló bá wọ kóòtù. Nínú oòrùn yẹn o! Òógùn ń dà lára ẹ̀ débi pé wọ́n lè fi fọ mọ́tò méjì. Ó wo Mùíz títí. "Ọmọ mi, bọ́mọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà."

"Fóònù lèmi ní o, Bàbá," ni Mùíz dáhùn. "Kì í ṣaṣọ."

Bàbá Akínọlá mi orí.

Ìlà méjì ló kù. Mùíz wá ní òun fẹ́ gbé fóònù lọ sórí pápá kí àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ lè rí i. Àǹtí Sàúdátù fi irun sílẹ̀ láìtíì parí ẹ̀, Ìyá Abọ́dúndé jókòó pẹ̀lú orí ìdajì, apá kan dì, apá kan rí bí igbó ìsìnkú. Àǹtí sáré wọlé, ó bu ìrẹsì. Ọbẹ̀ ò pọ̀. Ẹja tó wà nínú ẹ̀ kéré débi pé eṣinṣin kan bà lé e, a ò rí ẹja mọ́. Ṣùgbọ́n ẹyin kan wà. Jemilat ni wọ́n fi pa mọ́ fún.

"Ọ̀gá mi kékeré," ni Àǹtí pe Mùíz, ó ń rẹ́rìn-ín tí ò dé ojú, "ẹ wá jẹun kẹ́ ẹ tó lọ. Ẹ jókòó síbí, ẹ sinmi."

Ẹ! Obìnrin tó lè bí i, ẹ ló ń pè é.

Mùíz jókòó. Ó gbé fóònù sórí itan, ó mú ẹyin, ó bó o, ó gé e jẹ díẹ̀díẹ̀, ó ń wo Jemilat. Jemilat ò wo ẹyin. Fóònù ló ń wò. Nínú ọkàn ẹ̀, ó ní kó jẹ ẹyin, kó jẹ adìyẹ tó yé e, kó jẹ ilé adìyẹ náà mọ́ ọn, kó ṣáà ti jókòó.

"Ìyá ẹ," ni Mùíz wí, ẹnu ẹ̀ kún, "wọ́n ní ilé ìgbẹ́ ló ń fọ̀ níbẹ̀."

Ọwọ́ Jemilat dìde. Àǹtí Sàúdátù dì í mú lẹ́yìn, ó sọ ọwọ́ náà kalẹ̀ bí ẹni tó ń sọ ìkòkò gbígbóná kalẹ̀. "Kò sọ ọ́ fún ibi," ni Àǹtí wí. "Ọmọdé ni."

Ìgbà tí àwọn tó lọ kírun Jímọ̀ fi máa dé, ìjà ti fẹ́ bẹ́. Ìyá Abọ́dúndé ló ní òun náà gbọ́dọ̀ bá Lateefah sọ̀rọ̀.

"Yẹtí góòlù tí mo fún un lówó ẹ̀ dà?"

"Ìyá Abọ́dúndé, ẹ jọ̀ọ́. Ọmọ fẹ́ bá ìyá ẹ̀ sọ̀rọ̀."

"Èmi náà ní etí. Etí mi méjèèjì ń dúró de yẹtí."

"Ìdajì owó lẹ fún un!"

"Kó fún mi ní yẹtí apá kan nígbà náà! Mo ní ìdajì irun lórí, kí n ní yẹtí ẹyọ kan sí i, ẹ wá máa mú mi ṣe àfihàn!"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, títí kan Àǹtí. Bí ìjà ṣe pa nìyẹn. Alhaji wọlé pẹ̀lú agbádá funfun, ó gbé àga tiẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ Bàbá Akínọlá. Jemilat jókòó sórí ẹní láàárín wọn. Ìlà kan ló kù lójú fóònù. Àwọn ọmọ àdúgbò rọ̀ mọ́ géètì. Jemilat ń wo fóònù bí ẹni tó ń wo ìkòkò tí ò tíì hó.

Ó dún. Ẹ gbọ́ mi, ó dún! Ó ké débi pé ewúrẹ́ tó wà ní Sábó dáhùn.

Mùíz tẹ̀ ẹ́. "Hẹ́lò, èmi Mùíz ni. Fóònù mi lẹ pè."

Jemilat ti na ọwọ́. Kò mọ̀gbà tó nà án. Àǹtí Sàúdátù lu ọwọ́ náà wálẹ̀, pà!

"Ṣé orí ẹ pé? Gbogbo àgbà ló jókòó síbí, o ń nawọ́ sí fóònù! Kí wọ́n lè sọ pé ìyá ẹ ò sí nílé, èmi ò kọ́ ẹ?"

Ìkúnlẹ̀ ni Àǹtí fi gbà á lọ́wọ́ Mùíz, ọwọ́ méjèèjì ló sì fi gbé e fún Bàbá Akínọlá. Wọ́n ń kọ́ ọmọ ẹni lọ́nà tó tọ́. Àgbà ló ń kọ́kọ́ kí èèyàn.

Bàbá Akínọlá dìde dúró, ó de bọ́tìnnì kóòtù ẹ̀. Ó mọ̀ pé Jẹ́dà jìnnà, ó sì rò pé ohùn òun náà gbọ́dọ̀ rin gbogbo ọ̀nà. "HẸ́LÒ! LATEEFAH! KÚ ÀJÒ O! ILÉ ŃKỌ́? IṢẸ́ ŃKỌ́? ÀWỌN TÓ O BÁ ŃBẸ̀ ŃKỌ́? OÒRÙN IBẸ̀ ŃKỌ́? Ó MÀ MÚ NÍBÍ NÁÀ O!"

Nínú fóònù, ohùn kan ń jáde, tín-ín-rín, bíi kòkòrò inú páálí ìṣáná. Jemilat na ọrùn. Ó gbọ́ "...ẹ ṣé, sà... Jemilat ńkọ́, sà?"

Ohùn náà ni. Ó mọ̀ ọ́n. Gbogbo ara ẹ̀ dìde láìdìde.

"JEMILAT WÀ! ARA Ẹ̀ LE! ẸSẸ̀ MI NÌKAN LÓ Ń DÙN MÍ, ẸSẸ̀ Ọ̀TÚN. O Ò GBÀGBÉ WA O, OLÚWA Ò NÍ GBÀGBÉ Ẹ! GBÀ, LÁŃLỌ́Ọ̀DÙ RÈÉ!"

Alhaji gbà á. Sàlámù lásán gùn tó ìwáàsù. Ó bi í léèrè ara, ó bi í léèrè ọ̀gá ẹ̀, ó bi í léèrè ọmọ ọ̀gá ẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ àdúà. Ọlọ́run á dá a padà láyọ̀. "Àmín." Kò ní fi ẹsẹ̀ kọ. "Àmín." Ohun tó bá lọ wá, ọwọ́ ẹ̀ á tẹ̀ ẹ́. "Àmín." Jemilat ń ṣe àmín pẹ̀lú wọn, ojú ẹ̀ ò kúrò lára etí Alhaji. Àdúà dáa. Ta ló máa ní kí wọ́n má ṣàdúà?

"Dádì," ni Mùíz wí, "ìlà ẹ̀ ti ń ṣẹ́jú."

"Dákẹ́, mo wà lórí àdúà!"

Ohùn tín-ín-rín náà tún wí nǹkan kan. Alhaji rẹ́rìn-ín. "Jemilat? Ó wà níwájú mi níbí. Ó ti ga! Má mikàn rárá."

Ó kàn Ìyá Abọ́dúndé. Òun tó ti ń fọ́nnu yẹtí látàárọ̀, bó ṣe gbé fóònù sétí, ojú tì í. Èèyàn ò lè ṣàdédé béèrè góòlù lọ́wọ́ ẹni tó wà lájò láì kí i. Ó kí i, ó kí i, ó kí i kú òtútù, ó kí i kú ooru, ó kí i kú àìrójú ẹni. Nígbà tó máa fi dé ìtòsí yẹtí, omi ti gba ojú ẹ̀. "Kò sí nǹkan kan," ló wí, "a ṣáà ń retí ẹ ni." Ó gbé e fún Àǹtí Sàúdátù.

Àǹtí ò kí ẹnikẹ́ni. "Àǹtí mi" ló kọ́kọ́ wí, ó sì ń sunkún. Ó sunkún díẹ̀. Ó gbọ́ nǹkan kan, ó mi orí. "Kí n fún un? Ó dáa. Ó dáa, mà. Ẹ dúró, ẹ má gbé e sílẹ̀, ọmọ yín rèé."

Ó gbé e kúrò létí, ó sì nà án sí Jemilat.

Fóònù náà gbóná, etí àgbà mẹ́rin ti kọjá lára ẹ̀. Jemilat fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ó kúnlẹ̀. Ó gbé e sétí.

Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Kì í ṣe ariwo, kì í ṣe "píìì," kì í ṣe kòkòrò inú páálí. Bí ìgbà tí èèyàn gbé òkúta sétí.

Mùíz wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Òun ló mọ fóònù náà jù. Ó rí i pé iná aláwọ̀ ewé kékeré tó wà lórí ẹ̀ ti kú, pé ojú ẹ̀ ti ṣú. Ó la ẹnu.

Jemilat wò ó.

Mùíz pa ẹnu dé.

"Ẹ káàsán, mà," ni Jemilat wí. Ó dákẹ́ díẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Mo wà dáadáa, mà." Ó tún dákẹ́, ó ń mi orí. "Mo ń lọ síléèwé. Aṣọ Iléyá ti kéré, àmọ́ mo ṣì ń wọ̀ ọ́." Ohùn ẹ̀ wálẹ̀. "Ìgbà wo lẹ ń bọ̀, mà?"

Gbogbo ilé dákẹ́ kó lè gbọ́ dáadáa. Bàbá Akínọlá yọ fìlà. Jemilat tẹ fóònù mọ́ etí débi pé igun ẹ̀ wọ ẹran etí ẹ̀, ó di ojú, ó ń dúró. Ó dúró pẹ́.

"Ó dáa, mà," ló wí. "Ó dàbọ̀."

Ó gbé fóònù fún Mùíz. Mùíz gbà á, ó ti irin orí ẹ̀ wọlé jẹ́jẹ́, ó sì kó o sábẹ́ aṣọ kí ẹnikẹ́ni má rí ojú ẹ̀.

"Kí ló wí? Kí ló wí?" Àǹtí ti dì í mọ́ra.

"Ó ní kí n kí gbogbo yín," ni Jemilat wí. "Ó ní ẹ kú ìtọ́jú mi. Ó ní kí Ọlọ́run bá òun san án fún yín."

"Àmín!" ni gbogbo wọn wí. Inú Alhaji dùn. Bàbá Akínọlá ní òun mọ̀ pé ohùn òun ló jẹ́ kó gbọ́ ketekete. Ìyá Abọ́dúndé nu ojú ẹ̀ pẹ̀lú etí ìró. "Ó mà kọ́ ọmọ ẹ̀ o. Sàúdátù, o kọ́ ọmọ yìí. Ó wá sọ ìgbà tó ń bọ̀?"

Jemilat ń gbọn iyanrìn kúrò ní orúnkún.

"Líìnì já, mà," ló wí. "Ó ti fẹ́ sọ ọ́."

Wọ́n ní ó burú, wọ́n ní bí fóònù ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ìyá Abọ́dúndé padà sórí àpótí kí wọ́n bá a parí irun. Mùíz ò lọ sórí pápá mọ́. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ń wo Jemilat tó ń ṣa abọ́ ìrẹsì. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó dìde, ó bá a gbé ìkòkò.

"Ìyá ọmọ yẹn wá dé?" Ọmọ tó kéré jù nínú àwọn tó ń gbọ́ mi ló bi mí.

Hẹn? Ó dé kẹ̀! Báàlùù mẹ́ta ló kó ẹrù ẹ̀. Góòlù tó wọ̀ wúwo débi pé táyà báàlùù jò. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ń pè é, "Jẹmí! Jẹmí!" ohùn ẹ̀ gba gbogbo Ìkẹjà kan...

"Mo ní, ṣó dé?"

...

"Ó tó. Gbéra ńlẹ̀, máa lọ sílé. Ìyá ẹ ń retí ẹ," ni mo wí.